Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí híítà tàbí AC ẹ̀ ń ṣe bó ṣe wù ú: ẹ wá sọ tiyín

Oní-píkọ́ọ̀pù Chicago:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ wa yìí, àwọn tí ẹ́ńjìn wọn ṣì le koko, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí bọ́tìnì sí pupa, otútù ni, tẹ́ ẹ bá yí i sí búlúù, otútù náà ni, àbí kó tiẹ̀ jẹ́ pé ooru ló ń fẹ́ sí yín lójú nínú oòrùn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ti 1997 ni tèmi, ọwọ́ òyìnbó kan tó fi ń kó igi ni mo ti rà á. Nígbà tí otútù Chicago dé, ẹ ṣáà mọ èyí tí mò ń wí, atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa nínú ọkọ̀ o, àmọ́ tútù ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ ní heater core ló ti bàjẹ́, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn máa tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù kalẹ̀ ni. Owó tí wọ́n pè, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Mo ní mò ń bọ̀, mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé.

Mo yẹ omi rédíétọ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìn ti tutù pátápátá, ó kún. Ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìn hàn dúró láàárín bó ṣe máa ń dúró, torí náà thermostat, ìyẹn ọmọ táàpù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìn á fi gbóná, ò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wá jẹ́ kí ẹ́ńjìn gbóná, mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì híítà méjèèjì níbi tí wọ́n ti wọnú irin tó pààlà ẹ́ńjìn àti ibi tá à ń jókòó sí. Méjèèjì gbóná bákan náà. Omi gbígbóná ń wọlé, ó ń jáde, kí ló wá kan heater core nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ṣé ẹ rí i, nínú àpótí ńlá tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tó ń darí atẹ́gùn. Tó bá dojú kọ apá kan, atẹ́gùn á gba ara rédíétọ̀ kékeré yẹn kọjá, á gbóná, tó bá dojú kọ apá kejì, á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò ní rí ooru kankan. Nínú tèmi, bọ́tìnì tá à ń yí ò kan omi rárá, ilẹ̀kùn yẹn ló ń bá wí, mọ́tò oníná kékeré kan tí wọ́n ń pè ní actuator ló sì ń jíṣẹ́ fún un. Mo yọ àpótí tá à ń kó ìwé ọkọ̀ sí kúrò, mo ní kí ọmọ mi máa yí bọ́tìnì síwá sẹ́yìn, mo gbé etí síbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tú ṣúkúrù actuator, mo fi púláyà yí ọ̀pá ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀ báyìí, ooru bò mí lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò búrẹ́dì! Actuator ló kú. Mo rà á, mo dè é, ó parí. Àmọ́ ká ní ọ̀pá yẹn kàn ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn ò sì yí padà, ilẹ̀kùn gan-an ló já nìyẹn, ìyẹn gan-an ni wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ tú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Tèmi, AC tutù o, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti ń gun flyover tí mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, atẹ́gùn á kàn kúrò lójú mi, á lọ máa fẹ́ sí gíláàsì iwájú, tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ kúrò, á tún padà wá. Ọkọ mi ní ká gbé ọkọ̀ náà lọ fún pásítọ̀, mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ gbàdúrà sí i ná.

Àṣé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, ẹ́ńjìn fúnra ẹ̀ ló máa ń fa atẹ́gùn nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìfà yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn tó ń sọ bóyá ojú, ẹsẹ̀ tàbí gíláàsì ni atẹ́gùn máa gbà. Tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù, ìfà yẹn máa ń dínkù, tí rọ́bà bá wá ti lu, kò ní sí nǹkan kan tó kù láti di ilẹ̀kùn mú. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é pé tí ìfà ò bá sí mọ́, gíláàsì ni kó gbà, kí awakọ̀ ṣáà lè ríran. Abẹ́ bátìrì ni rọ́bà tèmi ti sán, ásíìdì ti jẹ ẹ́. Owó tí mo fi ra rọ́bà tuntun ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Bọ̀ọ̀dá Bulọ́ọ̀kù, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, híítà lẹ̀ ń wá, àwa níbí, híítà là ń sá fún. Mo ní Hilux tòkunbọ̀ tí mo fi ń kó bulọ́ọ̀kù. Láàárọ̀, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì, AC á tutù rìnrìn, àmọ́ kí n tó ti Mọ́níyà dé Challenge, ooru ló kù. AC-man tó ń bá mi ṣe é, gáàsì ṣáà ló ń fún un, gáàsì lónìí, gáàsì lọ́la, nígbà tó yá ó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri, ti rẹ̀, kí n wáwó lọ Ládípọ̀.

Bàbá rewire kan ní Ìwó Road ló yọ mí. Bàbá ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná?" Mo ní, "Tí ẹ́ńjìn bá ti gbóná ni, sà." Wọ́n ní, "Híítà ló ń bá ẹ jà, kì í ṣe AC." Wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n nàka sí táàpù kékeré kan lójú họ́ọ̀sì híítà, èyí tí kébù láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù fi ń ṣí tó fi ń pa. Ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ti fa kébù yọ kúrò nínú kílíìpù ẹ̀, kò dá a padà, táàpù wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, mo wá ń yí bọ́tìnì sí búlúù lásán. AC ń mú atẹ́gùn tutù, híítà ń mú un gbóná padà. Bàbá fi ìka ti táàpù pa, wọ́n fi kébù sáyè ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wà á. Mo lọ Gate mo padà, ó ṣì ń tutù.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, ṣe ni wọ́n máa ń so họ́ọ̀sì híítà méjèèjì pọ̀, wọ́n á tún yọ thermostat dànù, wọ́n ní Nàìjíríà ò nílò ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn o. Tí òjò bá ń rọ̀ tí gíláàsì ṣú, AC tẹ́ ẹ fi híítà díẹ̀ lé ló máa ń mú un mọ́ kíákíá.

Oní-píkọ́ọ̀pù Chicago:
Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn mọṣẹ́! Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wọn gáàsì tó wà nínú ẹ̀ báyìí, torí tó bá ti pọ̀ jù, kò ní tutù dáadáa mọ́, ó sì máa ń ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lára. Ẹni tí tiẹ̀ bá sì jẹ́ ti ayé ṣáájú 1990, R12 ni gáàsì tí wọ́n fi gbé e jáde, R134a ló wá rọ́pò ẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ o.

Ọmọ Dírẹ́bà:
Lọ́rì 911 bàbá mi ò ní ìṣòro kankan o, fèrèsé ni AC, ẹ́ńjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni híítà, kò sì sí bọ́tìnì tó lè bàjẹ́ 😂

Tópẹ́ Òṣogbo:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tèmi ń fẹ́, àmọ́ nọ́ńbà tó ga jù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù ti dákẹ́. Wọ́n ní bílówà, ìyẹn fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn yẹn, ni kí n pààrọ̀.

Ìyá Ìbejì Houston:
Bílówà kẹ̀? Tí bílówà bá bàjẹ́, ṣé nọ́ńbà tó ga jù á ṣiṣẹ́ ni? Resistor ni, ọmọ mi. Òun ló ń dín iná kù fún àwọn nọ́ńbà kékeré, èyí tó ga jù ò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá rárá. Wo itòsí bílówà, ṣúkúrù kékeré ló máa ń dè é mọ́ ibẹ̀. Wo gbogbo ẹnu wáyà tó wọnú ẹ̀ dáadáa, tó bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, pààrọ̀ ìyẹn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún jó tuntun. Má sì yọ ọ́ síta kó o wá tan bílówà láti fi dán an wò o, atẹ́gùn inú ibẹ̀ ló ń tù ú lára, tó bá wà níta á jó ẹ lọ́wọ́.