Ta ni ọkọ Nóà? Ìrírí mi pẹ̀lú ìwé Bíbélì aláwòrán àwọn Karen

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti ń sọ tiyín láti àárọ̀ nípa ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

St. Paul ní Minnesota là ń gbé. Àwa àti ìjọ kan la jọ ń lo ilé ìjọsìn: àwa láàárọ̀, àwọn lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé àwòrán tí wọ́n gbàgbé sórí àga: Nóà, Dáníẹ́lì láàárín kìnnìún, Jónà lẹ́nu ẹja. Lẹ́tà inú rẹ̀ rí roboto-roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Mo bi ẹni tó ń gbálẹ̀ pé ìwé ta ni. Ó ní, "Ti Karen ni." Karen wo? Karen méjì ló wà níbi iṣẹ́ mi, òyìnbó sì làwọn méjèèjì!

Àṣé ẹ̀yà ni. Ilẹ̀ Bọ́mà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thailand, ni wọ́n ti wá. Ogun ló lé wọn; àwọn mìíràn pẹ́ gan-an ní àgọ́ ogunléndé bíi Mae La kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ni onígbàgbọ́ o, ẹlẹ́sìn Búdà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn Onítẹ̀bọmi inú wọn kì í fi ìwé ṣeré. Láti 1853 ni odindi Bíbélì ti wà ní Sgaw Karen, ọ̀kan lára àwọn èdè wọn. Tiwa di odindi ní 1884.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé ìwé náà lọ fún ẹni tó ni ín. Ìyá àgbà kan ni, ó wọ aṣọ òfì pupa onílà, ó gbé àpò híhun kọ́ èjìká. Ọmọ mẹ́rin jókòó yí i ká, èèbó ni wọ́n ń sọ bíi tàwọn ọmọ wa. Màmá á fi ìka sórí ọ̀rọ̀, wọ́n á pè é. Bí ohùn bá yẹ̀, á fi èékánná gbá àmì kékeré tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, tọ̀, tọ̀, títí wọn á fi pè é re. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn túmọ̀ rẹ̀ fún mi: àmì ohùn ni. Márùn-ún ni, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì ní àmì ní ohùn tirẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn láti bí ọdún 1830 sí 1840, nígbà tí Jonathan Wade, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà Bọ́mà kọ èdè wọn sílẹ̀.

Ojú tì mí. Èmi náà ra ìtàn Bíbélì aláwòrán ní Yorùbá fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bébà rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ fani mọ́ra, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àmì abẹ́ lẹ́tà, kò sí àmì ohùn kankan níbẹ̀. Àkọlé kan kà báyìí: "Noa ati ọkọ rẹ". Ọmọ gbójú sókè: "Mọ́mì, ta ni ọkọ Nóà?" Bàbá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni. Ó ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Màmá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní àwọn baba ńlá àwọn máa ń pìtàn pé Y'wa, bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run, fún àwọn ní ìwé kan nígbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó gbà á kò tọ́jú rẹ̀, ó sọnù. Àbúrò aláwọ̀ funfun ni yóò gbé e padà wá. Ó ní ìdí nìyẹn tóun kì í fi ìwé sílẹ̀ káàkiri. Mo wo ìwé tí mo bá lórí àga, mo panu mọ́.

*Èsì kan:* Ìyá wa, ẹ má dá àwọn òǹkọ̀wé nìkan lẹ́bi. A fi àmì sí ìwé tí àwa kọ lódindi, nígbà tó ti ilé ìtẹ̀wé dé, àpótí òfìfo kéékèèké ló dípò gbogbo ohùn òkè, torí lẹ́tà kọ̀ǹpútà wọn kò ní àmì náà.

*Èsì mi:* Ẹ ṣeun. Bírò pupa lèmi àtọmọ mi fi ń sàmì sí tiwa báyìí, ojú ìwé kẹrin la dé. Lálẹ́ àná ó fi ohùn òkè síbi tí ìsàlẹ̀ yẹ: Nóà àti ọkọ́ rẹ̀. Nóà ti di àgbẹ̀.