Ṣé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe màlúù mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹran. Abo màlúù mi kan, ọmọ ọdún 6, ló ń kó ìdààmú bá mi. Bó ṣe ń mu omi ló ń tọ̀. Ó ń jẹ koríko dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù, ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀. Láàárọ̀ àná, èèrà ló bo ibi tó tọ̀ sí. Ìyẹn ló já mi láyà.

Mo mọ̀ pé ajá máa ń ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì (èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) nínú páńkíríàsì rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nítòsí ikùn, á bàjẹ́. Ti màlúù ni wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu jà nínú agbo wa ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òun náà sì wà lára àwọn tó kó o. Ṣé àrùn yẹn lè ba páńkíríàsì jẹ́?

Mo ní ẹ̀rọ tí màmá mi fi ń yẹ ṣúgà wò. Ṣé mo lè fi yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù wò kí dókítà ẹran tó dé lọ́jọ́ Ẹtì? Àyẹ̀wò wo ni kí n ní kó ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kó dá mi lóhùn.