Ọwọ́ òsì ló bí north, kì í ṣe oòrùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní oòrùn ló bí east, west, north àti south, nítorí náà ká fi àríwá àti gúúsù sílẹ̀, ká máa pè wọ́n ní òsì-oòrùn àti ọ̀tún-oòrùn. Mo bá wọn dé ìdajì ọ̀nà.

East dá mi lójú. Ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀, ọmọ ìyá ló sì jẹ́ pẹ̀lú aurora ti Látìn àti uṣas ti Sanskrit. Ost ni tàwọn ará Jámánì. Òun ló wà nínú Ostarrîchi, orúkọ Austria tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́dún 996. West bá vesper ti Látìn tan, ìyẹn ìrọ̀lẹ́. South ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní sun ló wà nínú rẹ̀, torí pé ní Yúróòpù lọ́hùn-ún, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà.

North ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Nínú èdè Umbria tí wọ́n ń sọ ní Ítálì láyé àtijọ́, nertru, tí wọ́n ní ó bá north tan, ni òsì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni àríwá wà. Àwọn Germanic, ìyẹn ìdílé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, nìkan kọ́ ló ṣe irú èyí: dakṣiṇa ti Sanskrit ni ọ̀tún, òun náà ni gúúsù, lédè Lárúbáwá, shimāl ni òsì, shamāl ni àríwá. Àwọn kan fi north wé nerteros ti Gíríìkì, wọ́n ní "ìsàlẹ̀" ló ṣáájú. Ó ṣeé gbà, ṣùgbọ́n òsì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ti pé àríwá jọ arewa, tó jẹ́ north lédè Hausa, bí ọ̀rọ̀ tí a yá, kò yẹ kó dùn wá. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn Faransé ti yá nord, sud, est àti ouest, wọn ò sì dá a padà.

Òsì-oòrùn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Òsì ta ni? Tí mo bá kọjú sí oòrùn láàárọ̀, tí òun náà kọjú sí mi, ọ̀tún mi ni òsì tirẹ̀ bọ́ sí. Gúúsù ni ọ̀rọ̀ yẹn yóò máa tọ́ka sí.