Iléeṣẹ́ kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ológun: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

OnígẹdúTakie
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ káfíńtà àti wẹ́dà là ń ṣe ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́: bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì, lọ́kà, àga, tábìlì. Òṣìṣẹ́ méje ni wá. Orúkọ okòwò nìkan la fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀), a ò tíì sọ ọ́ di Limited. A fẹ́ máa du iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lọ́kà tí Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò ń gbé síta. Ìwé wo la ó kọ́kọ́ ṣe? Èló ló yẹ kó wà nílẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé ẹni tí kò mọ ọ̀gágun kankan kò lè rí i gbà?

ÌyáTẹ́ńdà (Ọ̀yọ́)
Ẹ kú ìbéèrè, sà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gágun yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn. Abala 15 nínú òfin Public Procurement Act ọdún 2007, ìyẹn òfin bí ìjọba ṣe ń rajà, yọ àwọn nǹkan àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àti lọ́kà kì í ṣe ohun ìjà. Iṣẹ́ ńlá irú èyí, ìpolówó ló yẹ kó bá jáde, nínú Federal Tenders Journal àti ìwé ìròyìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán sì ni òfin fún àwọn tó fẹ́ díje. Èyí tó kéré, wọ́n á gba ìwé iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta ó kéré tán. Ẹnu ọ̀nà yìí ló bá yín mu jù ní báyìí.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè: CAC, ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, PenCom (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (owó ìkọ́ṣẹ́), NSITF (ìbánigbófò ìjàǹbá ibi iṣẹ́), ìwé ìforúkọsílẹ̀ BPP, àjọ tó ń mójú tó bí ìjọba ṣe ń rajà, tí wọ́n ń pè ní IRR, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ọ̀dítọ̀ fọwọ́ sí, lẹ́tà báńkì, ìwé ìbúra, àti ẹ̀rí iṣẹ́ mẹ́ta tó jọ èyí tí ẹ ń wá. Àwọn ìpolówó kan ń gba orúkọ okòwò bí fọ́ọ̀mù BN1, ti ìforúkọsílẹ̀ orúkọ okòwò, bá wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di Limited. Láti ìgbà òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí: CAMA kan náà yọ iléeṣẹ́ kékeré kúrò nínú dandan ọ̀dítì. Ọ̀pọ̀ ló gba ìyẹn gbọ́, wọ́n á wá dé ibi tẹ́ńdà (ìdíje fún iṣẹ́ ìjọba), àwọn tó ń gbé iṣẹ́ síta á ní àwọn fẹ́ rí ìwé ọ̀dítì tó ní òǹtẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́dọọdún bí òfin ò tilẹ̀ fi dandan mú yín. Iye tí ẹ tà tó wà nínú ìwé ọ̀dítọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ẹ̀rí owó orí mu. Bí ọ̀kan bá sọ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ, tí èkejì sọ pé méjìlá, wọ́n á yọ yín dànù láìwo iṣẹ́ ọwọ́ yín rárá.

PenCom, ITF àti NSITF ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Láti oṣù Kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọdún tuntun. Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ 10% láti ọwọ́ yín àti 8% láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìbánigbófò ẹ̀mí fún gbogbo wọn. NSITF jẹ́ 1% owó oṣù, ITF náà 1%. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìpolówó jáde kí ó tó máa sáré kiri kì í bá a.

ÌṣiròPé
Mo fẹ́ fi ti owó kún un. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ ₦20,000,000. Bí wọ́n bá béèrè bid security (ìdúró pé ẹ ò ní sá lẹ́yìn tẹ́ńdà), kò gbọdọ̀ ju 2% lọ, ìyẹn ₦400,000. Ìwé báńkì ni, àmọ́ báńkì sábà máa ń fẹ́ rí owó náà nínú àkáǹtì yín kí wọ́n tó kọ ọ́. Ká ní wọ́n san mobilization (owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) 15%, ₦3,000,000 nìyẹn. Wọn ò ní san án láìsí ìdúró: òfin ní kí performance guarantee (ìdúró pé ẹ máa ṣe iṣẹ́ náà parí) jẹ́ 10% ó kéré tán, tàbí iye mobilization, èyí tó bá pọ̀ jù. Nítorí náà, ìdúró mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ máa mú wá. Fún mobilization, òfin gba ìwé ìdúró ilé ìbánigbófò náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbà á, ó rọ oníṣẹ́ kékeré lọ́rùn ju ti báńkì lọ.

Mílíọ̀nù 17 tó kù, ẹ ò tíì ní rí i gbà; owó yín lẹ máa fi ra irin, fóòmù àti ọ̀dà tó bá kù títí ẹ ó fi kó ọjà dé. Òfin ní bí owó bá pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti fi ìnífọ́ìsì sílẹ̀, ìdádúró ni, èlé sì yẹ kó gun orí rẹ̀. Ẹ rí i pé ó wà nínú àdéhùn kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ fi VAT 7.5% hàn lọ́tọ̀, torí ìjọba ló máa yọ ọ́. Ẹni tó bá gbé e mọ́ èrè rẹ̀ á rí i pé èrè ti fò lọ.

Ẹ tún wo iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bí ẹyọ kan àti àpapọ̀ ò bá bára mu, ti ẹyọ ni wọ́n sábà máa ń mú. Ẹ kọ ₦45,000 dípò ₦54,000, ọwọ́ ti bọ iná nìyẹn.

Wẹ́dàÀgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ̀yin méjèèjì kú iṣẹ́. Èmi a máa wo ọjà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ páìpù 1.5 mm, ẹ má gbé 1.2 lọ. Àwọn tó ń yẹ ọjà wò lè gbé kálípà wá, wọ́n á sì wọn ẹnu páìpù. Ọjà tí ilé ìtajà ń pè ní 1.5 lè má pé, torí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Fóòmù náà ní ìwọ̀n wúwo, ẹ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ẹ gé èérún wẹ́dà kúrò, ẹ nu ìpata, kí ẹ tó kun ọ̀dà ìsàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà á bó níbi ìsopọ̀ kí ẹrù tó kọjá Jẹ́bà.

Ẹ má ṣe wẹ́dà bẹ́ẹ̀dì pọ̀ tán. Ẹ ṣe orí, ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ fi bóòtì so wọ́n. Ọkọ̀ kan á gba ìlọ́po mélòó kan, ẹ ó sì lè pààrọ̀ apá tó bá tẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ti ẹ̀rí iṣẹ́ mẹ́ta: àwọn tó ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká yunifásítì LAUTECH nílò bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Ẹ gba lẹ́tà iṣẹ́, ìwé ìparí iṣẹ́ àti ẹ̀rí owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ò ní ìwé, tí ẹ kàn fi fọ́tò gbè, wọn ò kà á. Ẹ tún lọ sí NOCOPO, ìkànnì àdéhùn ìjọba, kí ẹ wo ẹni tó gba iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ lè bá wọn ṣe ogójì bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ pé ẹ lè ṣe é lóòótọ́. Abẹ́ wọn lẹ ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò.

OnígẹdúTakie
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹnì kan ní òun á bá wa ṣe ITF àti PenCom láàárín ọjọ́ méjì, ká san owó sínú àkáǹtì òun.

ÌyáTẹ́ńdà (Ọ̀yọ́)
Ẹ sá fún un, sà. Wọ́n máa ń yẹ ìwé wọ̀nyí wò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó fún yín. Bó bá jẹ́ ayédèrú, Abala 58 nínú òfin ọdún 2007 yẹn fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá sí i fún ẹni tó lò ó, kò sí owó ìtanràn dípò rẹ̀, iléeṣẹ́ tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi kò ní gba iṣẹ́ ìjọba fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi tẹ́ńdà sílẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé, ẹ buwọ́ lù wọ́n. Àpò ìwé iṣẹ́ lọ́tọ̀, àpò iye owó lọ́tọ̀, ẹ lẹ méjèèjì pa, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (apá iṣẹ́ tí ẹ ń du) sára wọn bí ìpolówó ṣe sọ. Ẹ dé Àbújá ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí èyí tó bá pẹ́ wọn ò ní ṣí i. Ní gbangba ni wọ́n ń ṣí tẹ́ńdà, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ iye tí wọ́n kà fún olúkúlùkù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n rú òfin, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ mọ̀. Bí wọn ò bá dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, tàbí tí ìdáhùn wọn ò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá péré lẹ ní láti gbé e lọ bá BPP.