Orúkọ ẹ̀yà ara wo ló fojú yín rí màbo?

Ọmọ Ẹpẹ:
Tèmi, iṣan ọrùn ni. Sternocleidomastoid. Ọdún kìíní nílé ìwé nọ́ọ̀sì, olùkọ́ ní kí n dìde kí n pè é. Mo dìde: sí-tẹ́-nò-kú-lá-ì-dó-má-sì-tọ́-ì-dì. Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì. Sílébù mẹ́fà ni Òyìnbó ní níbẹ̀, ẹnu mi sọ ọ́ di méjìlá! Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí kọ́ńsónáǹtì bá ti fara ti kọ́ńsónáǹtì, àwa a wá fáwẹ̀lì fi là wọ́n. Mo tún fún kálukú ní ohùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ "mas" nìkan ló yẹ kí n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an.

Mo gbé ìwé lọ sí ìsọ̀ màmá mi lọ́jà Olúwo, mo ń pè é lápètúnpè níbi tí wọ́n ti ń ha epìyà. Wọ́n ní, "Orúkọ ta nìyẹn? Tú u, kí n gbọ́ ìtumọ̀ ẹ̀." Mo tú u: sterno, egungun àárín àyà, cleido, egungun tó ti ibẹ̀ lọ sí èjìká, mastoid, kókó egungun ẹ̀yìn etí. Màmá fi ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ tọ ọrùn ara wọn láti àyà dé ẹ̀yìn etí.

"Àṣé ọkọ̀ ni! Ó gbé èrò ní Ẹpẹ, ó gbé ní Ìtóìkin, ó já wọn sí Ìkòròdú."

Mi ò gbàgbé ẹ̀ mọ́. Nínú ìdánwò, ọwọ́ mi wà lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú:
Duodenum ni tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Ọ̀gá kan ń tẹ "de", èkejì ń tẹ "od", wọ́n sì ń bá wa wí nítorí ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè gba méjèèjì o! Ìtumọ̀ ẹ̀ ló dùn mọ́ mi: méjìlá. Àwọn ará àtijọ́ ní ó gùn tó ìbú ìka méjìlá.

Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì:
Ẹ ò tíì rí nǹkan. Levator labii superioris alaeque nasi, iṣan kékeré ẹ̀gbẹ́ imú. Agbé ètè òkè àti ìyẹ́ imú sókè. "Que" tó lẹ̀ mọ́ ìdí "alae" yẹn, "àti" ni lédè Látìnì, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀. Mo ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó mi títí ó fi sú u, ó bá yínmú sí mi. Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni!"