Mo fẹ́ lọ kun ojú ní káńtà àtíkè, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀

Àdùkẹ́ (Manchester)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ìgbéyàwó, èmi sì ni ọ̀rẹ́ ìyàwó. Arábìnrin tó ti gbà láti kun ojú mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ àná pé ara òun kò yá, òun kò ní lè wá mọ́. Nínú àwọn mìíràn tí mo pè, ọwọ́ àwọn kan ti dí, iye tí àwọn tó kù sì pè kọjá agbára mi. Ẹnì kan ní kí n lọ sí káńtà àtíkè ní ilé ìtajà ńlá tó wà láàrin ìlú, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kun ojú ènìyàn níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ń gba owó ìjókòó, ṣùgbọ́n pé ènìyàn lè fi owó náà ra ọjà. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé dandan ni kí n ra nǹkan? Báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé owó mi kò tó, tí ojú kò ní tì mí? Ẹ tún bá mi wo ọ̀rọ̀ irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, nítorí mi ò mọ̀ bóyá àwọn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ènìyàn tàbí èmi ni mo máa mú un lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, fara balẹ̀. Àwọn méjèèjì tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò purọ́, nítorí káńtà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kàn fẹ́ bá ọ wá fáńdéṣọ̀n, ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń tẹ́ ojú, tó bá àwọ̀ rẹ mu, tàbí kí wọ́n dán ìtọ́tè kan wò fún ọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n kun gbogbo ojú, owó ìjókòó wọlé nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn a sì yọ ọ́ kúrò nínú iye ọjà tí o bá rà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Pè wọ́n lórí fóònù kí o tó kúrò nílé.

Èmi kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, mo kàn gun orí àga gíga wọn, arábìnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń pè mí ní arẹwà, inú mi ń dùn. Nígbà tó parí, ó ti to gbogbo ohun tó lò sínú àwo kékeré kan níwájú mi, láti orí ìpara tó kọ́kọ́ fi pa ojú mi dé orí omi tó wọ́n sí i gbẹ̀yìn, ó sì béèrè bóyá kí òun bá mi dì í. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ pé rárá. Owó tó yẹ kí n fi san owó iná ni mo kó sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀yìn ọwọ́ mi ló ti dán fáńdéṣọ̀n náà wò, lábẹ́ iná ilé ìtajà. Ìgbà tí mo jáde síta ni mo tó rí i nínú dígí ọkọ̀ pé ojú mi pupa ju ọrùn mi lọ, àfi bí ẹni pé mo yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Sísí Ńlá (London)

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. A kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn fún bíi wákàtí kan, kí a wá máa sọ pé ìtìjú ló mú wa sanwó. Obìnrin náà ní iye ọjà tó gbọ́dọ̀ tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ kò bá fẹ́ rà á, kí ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí ìgò àkọ́kọ́. Ohun tí mo kórìíra ni kí ènìyàn lọ jókòó, kí wọ́n kun ojú rẹ̀ tán, kó dìde, kó ní "ẹ ṣeun, mò ń padà bọ̀", kó sì gba ibi àpèjẹ lọ tààrà. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí a rí ọ̀fẹ́ jẹ mọ́.

Bàbá Àlàkẹ́ (Chicago)

Sísí Ńlá, ẹ rọra. Ta ló gbé àga kalẹ̀? Ẹni tó ń ta ọjà ló fi ojú kíkùn pe oníbàárà, oníbàárà kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè nítorí pé ó dáhùn. Bí ìyàwó mi bá dé ibẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wíwò ni òun wá wò lónìí, kí wọ́n bá òun bu díẹ̀ sínú ike kékeré kí òun lè lò ó nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á bù ú fún un. Kò sí ẹni tó bínú sí i rí.

Ní tèmi, kì í ṣe rírà ni àṣìṣe Ìyá Ìbejì. Rírà lójú ẹsẹ̀ ni. Àwọn fáńdéṣọ̀n kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pẹ́ lára, tí wọ́n ti bá epo ara àti afẹ́fẹ́ pàdé, wọ́n á dúdú ju bí wọ́n ti rí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n pa ojú. Ẹni tó bá sanwó kí wákàtí kan tó pé kò tíì mọ ohun tó rà.

Sísí Ńlá (London)

Mi ò gbà. Ọmọ yìí kò ní ọjọ́ mélòó kan tó máa fi dán nǹkan wò nínú ike. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní oṣù mẹ́ta níwájú.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Bàbá Àlàkẹ́, ẹ ṣeun, ẹ bá mi dá a lóhùn. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mo ti jìn sí kòtò, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ìgò gbogbo, mi ò lè dá wọn padà.

Fọláṣadé (Birmingham)

Mo ti ṣiṣẹ́ ní káńtà rí kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Sísí Ńlá kò jìnnà sí òótọ́: níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ń ka iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bá tà lójúmọ́, a sì ń rí kọmíṣọ̀n díẹ̀ lé owó oṣù. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá sọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ kò bí mi nínú rí, nítorí mo ti mọ ibi tí mo lè bá a dé. Ẹni tó ń bí wa nínú ni ẹni tó ń mi orí sí gbogbo nǹkan, tó ra gbogbo rẹ̀, tó wá padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìgò tó ti ṣí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin kò fi dandan lé e pé kí ilé ìtajà gba ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ rà nínú ṣọ́ọ̀bù padà nítorí pé o yí ọkàn padà nìkan. Àánú wọn lo wà. Èyí tí o bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin fún ọ ní ọjọ́ 14 láti fagi lé, ṣùgbọ́n bí o bá ti já ìdè ìgò tí wọ́n dì nítorí ìmọ́tótó, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Nítorí náà, tọ́jú rìsíìtì.

Àdùkẹ́, gbọ́. Má dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán ọjọ́ náà ni èrò máa ń pọ̀ jù. Lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, fọ ojú rẹ dáadáa, má pa nǹkan kan sí i ju ìpara lásán lọ, kí o sì mú àwòrán aṣọ tí o máa wọ̀ dání. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn ọ́ lójú, sọ fún un pé: "Owó tí mo mú wá kò ju báyìí lọ, fáńdéṣọ̀n nìkan ni mo fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn yòókù sílẹ̀." Wọ́n ní ìwé tí wọ́n ya ojú sí, wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí wọ́n lò ó. Ìwé yẹn lo wá gbà. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń lé ojú, ìtọ́tè àti páúdà ojú, o lè rí èyí tó jọ wọ́n ní owó pọ́ọ́kú níbòmíràn. Fáńdéṣọ̀n ni èyí tó ń fẹ́ ojú ẹlòmíràn, nítorí a kì í dá ara wa rí bó ṣe yẹ.

Kí ó fi àwọ̀ bíi mẹ́ta fa ìlà láti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́. Rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí o wo ara rẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Èyí tí o kò bá rí mọ́ ni tìrẹ. Púpọ̀ nínú wa ni iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu wa dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọrùn àti àyà ni kí o fi ṣe adájọ́. Sọ fún un pẹ̀lú pé wọ́n máa ya fọ́tò, nítorí páúdà tó ní silica nínú, tàbí ìpara oòrùn tó ní titanium dioxide tàbí zinc oxide, lè dá iná kámẹ́rà padà, kí ojú ènìyàn sì funfun bí èérú nínú àwòrán nígbà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú dígí. Fi fóònù rẹ ya ara rẹ pẹ̀lú iná kí o tó dìde lórí àga.

Ohun kan tí mi ò ní fi bò: má jẹ́ kí wọ́n fi ìtọ́tè tí gbogbo ayé ti dán wò kan ètè rẹ tààrà. Kí wọ́n fi nǹkan ha díẹ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì mímọ́ kùn ún. Ọ̀pá masikárà tí wọ́n fi ń kun irun ìpéǹpéjú náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó kí wọ́n sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá kọ̀, dìde.

Àdùkẹ́ (Manchester)

Ẹ̀gbọ́n Fọláṣadé, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo máa lọ ní ọjọ́bọ̀, kí n wá fi ọwọ́ ara mi kun ojú ní ọjọ́ ìgbéyàwó gangan? Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n. Àti pé irun ìpéǹpéjú ńkọ́?

Sísí Ńlá (London)

Ọ̀rọ̀ Manchester nìyẹn. Ká ní London lo wà, káńtà máa pọ̀ débi pé o ò ní mọ èyí tí o máa yà sí. Níbí ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 1909 ni ilé ìtajà ńlá Selfridges ṣílẹ̀kùn ní Oxford Street, òun náà ló sì gbé lọ́fíńdà àti àtíkè wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ojú ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè rí i.

Àdùkẹ́ (Manchester)

Manchester náà ní Selfridges, ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Àlàkẹ́ (Chicago)

Ẹ̀yin ará London, ọmọ tiwa lẹ fi ń yangàn o! Ṣé ẹ mọ ibi tí Harry Gordon Selfridge tó dá a sílẹ̀ ti kọ́ṣẹ́? Ilé ìtajà Marshall Field's ní Chicago níbí ni, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ kó tó rékọjá òkun wá bá yín. Chicago yìí kan náà ni Eunice Johnson ti dá ilé iṣẹ́ àtíkè Fashion Fair sílẹ̀ ní ọdún 1973, nígbà tó rí i pé ńṣe ni àwọn obìnrin dúdú tó ń fi aṣọ hàn lórí ìtàgé ń po fáńdéṣọ̀n pọ̀ fúnra wọn, nítorí pé kò sí èyí tó bá wọn mu ní káńtà kankan. Ìyàwó mi ṣì ń po méjì pọ̀ títí dòní, ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, bí àwọ̀ ara rẹ̀ bá ti ń yí padà ni ó ń dín èyí kù tó ń fi kún ìyẹn. Owó pọ́ọ́kú ni ìgò méjì kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ kí ènìyàn máa ra tuntun ní gbogbo ìgbà.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé Toronto ni Frank Toskan àti Frank Angelo ti dá ilé iṣẹ́ àtíkè MAC sílẹ̀ ní ọdún 1984.

Sísí Ńlá (London)

Toronto tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ojú kíkùn náà ni wọ́n ti wá kun ẹ̀yin lójú, tí ẹ fi di aláwọ̀ méjì. Ẹ kú iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Kì í ṣe káńtà tiwọn ni mo jókòó sí! Sísí yìí, Ọlọ́run á dá a fún ọ.

Fọláṣadé (Birmingham)

Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ dé òkè òkun lẹ́yìn ọdún 2017, tí ilé iṣẹ́ àtíkè Fenty gbé àwọ̀ fáńdéṣọ̀n 40 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kò mọ ìyà. Kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tó jí lójú oorun, mo ti dúró ní ẹ̀yìn káńtà kan tó jẹ́ pé àwọ̀ méjì péré ló wà fún gbogbo ènìyàn dúdú, èmi tí mò ń tà á gan-an kò lè lò ó. Mo máa ń rántí ilé nígbà yẹn. Nílé, ẹni tó máa kun ojú mi á kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, á sì mú ìgò tó tọ́ jáde. Níbí, ńṣe ni mò ń ṣàlàyé àwọ̀ ara mi fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Ìwọ ń sọ ti fáńdéṣọ̀n. Tìróò ìyá mi ni ó ń wù mí. Ìyá mi kò ní ju tìróò àti páúdà lọ, kò sì sí ìgbà tó jáde tí wọn kì í yíjú wò ó. Mo ti ń ronú pé kí wọ́n bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́.

Bàbá Àlàkẹ́ (Chicago)

Ẹ má dán an wò, ìyá wa. Ní ọdún 2012 ni àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde nípa ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé fún un, ló fà á. Òjé ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ ní àwọn ọmọ nílé.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Ó dáa, mo ti gbọ́. Pẹ́ńsù ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, òun náà ni n ó máa lò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dúdú tó tìróò.

Sísí Ńlá (London)

Bàbá Àlàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Báwo ni ọkùnrin ṣe mọ nǹkan tó tó báyìí nípa àtíkè?

Bàbá Àlàkẹ́ (Chicago)

Èmi ni mo ń di báàgì mú ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi bá jókòó sórí àga yẹn. Wọn kì í fi àga lọ ọkọ.