Ọjọ́ kọkànlá rèé, eré tí mò ń kọ dúró sójú kan. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Tíṣà Ọlọ́mọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa mẹ́rìnlá la sọ oṣù kẹsàn-án yìí di oṣù eré kíkọ. Àdéhùn wa ò ju pé kí oníkálukú kọ ojú ewé mẹ́ta lójúmọ́, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa kí aago méjìlá òru tó lù. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, kálukú á ní odidi eré kan lọ́wọ́, ìbáà tiẹ̀ rí játijàti. Kò sówó níbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn, a kàn ń ti ara wa lẹ́yìn ni.

Yorùbá ni mo fi ń kọ tèmi. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn. Aago mẹ́rin ni mò ń délé, n ó dáná, n ó wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, kí n tó jókòó, aago mẹ́wàá ti lù. Tí NEPA bá tún mú iná lọ, orí fóònù ni mo ti ń kọ ọ́, tí n ó máa wá àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Eré náà fúnra rẹ̀ ni. Ìtàn opó kan ni, Àṣàkẹ́, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ilé tí olóògbé fi sílẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa parí. Mo mọ ẹni tó kó ìwé ilé pamọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ karùn-ún ni àwọn èèyàn mi ti jókòó sí pálọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọn ò dìde. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé:

ÀLÀÓ: Ìyá Fọlá, ṣé dáadáa lẹ wà?
ÀṢÀKẸ́: A dúpẹ́, Bọ̀dá Àgbà. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kì í sì í sábà wá sílé yìí.
ÀLÀÓ: Bẹ́ẹ̀ ni. Torí ilé yìí tí àbúrò mi kọ́ ní ọdún 1998 ni mo ṣe wá.

Mo mọ̀ pé kò dùn, n kò kàn mọ ohun tó ń ṣe é ni. Ẹnì kan nínú wa ti kọ ojú ewé 47. Èmi tó yẹ kí n ti ní 33, 19 péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n jáwọ́ ni, àbí kí n gbé ìtàn yìí tì kí n mú òmíràn?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ má jáwọ́ o. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹsàn-án lèmi fi tèmi sílẹ̀, mo ní tí ọwọ́ bá dilẹ̀ n ó padà sí i. Ọwọ́ ò tíì dilẹ̀ dòní.

Bàbá Eléré:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo bá ẹgbẹ́ alárìnjó kan ṣeré láti 1976 títí wọ 1981, ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà kan ló ń gbé àwa àti ìlù àti aṣọ kiri. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀gá á kó wa jọ, á sọ ìtàn náà tán, á pín ipò: ìwọ lọba, ìwọ lolorì, ìwọ lo máa jí adé gbé. Orin nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ tí a ń há sórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu, àwa òṣèré la ń wá a fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ayé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ọ̀rọ̀ wa bá ti ń gùn tí kò sì ṣe nǹkan kan, àwọn òǹwòran ò ní bú wa, ẹ̀pà ni wọ́n á máa pa jẹ. O ò tíì mọ ìtìjú àfi tí ariwo èèpo ẹ̀pà bá bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀.

Ohun tí ọ̀gá wa máa ń bi wá lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni pé: kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níta yẹn? Bó ò bá rí èsì fọ̀, o ò ní jáde.

Wàyí o, wo Àṣàkẹ́ rẹ. Ó ń sọ fún Àlàó pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni. Ṣé Àlàó ò mọ̀ ni? Àwa lò ń bá sọ̀rọ̀, o kàn gba ẹnu opó ọlọ́pọ̀ ẹkún kọjá ni. Gbé àga olóògbé sí àárín pálọ̀. Jẹ́ kí Àlàó wọlé, kó jókòó sí i láìbéèrè.

ÀṢÀKẸ́: Bọ̀dá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé ló tutù.
ÀLÀÓ: Eléyìí tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí Àṣàkẹ́ má jókòó. Ó parí. Ta ló máa wá béèrè ohun tó bá wá mọ́?

Ọmọ Yorùbá Peckham:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Tèmi ò fara mọ́ ojú ewé kíkà yẹn rárá. Suzan-Lori Parks, òǹkọ̀wé eré ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Pulitzer fún eré kíkọ ní 2002. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré kan lójúmọ́, ó sì ṣe é fún ọdún kan gbáko. Nígbà tó di 2006 sí 2007, àwọn ilé eré káàkiri pín wọn ṣe. Àwọn kan nínú wọn ò kún ojú ewé kan! Bí wọ́n bá ní ẹ ní 19, ẹ dá wọn lóhùn pé 19 ni. Ẹni tó ní 47, ẹ lọ wò ó bóyá kì í ṣe pálọ̀ ni àwọn tiẹ̀ náà jókòó sí.

Agbẹjọ́rò Abúlé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ya bàrà díẹ̀. Àṣàkẹ́ bímọ, àbí? Fọlá ńkọ́? Nínú àṣà wa, ọmọ ló ń jogún bàbá, ìbáà ṣe ìdí-igi (ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀) ni wọ́n pín in sí tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan). Kí ni Àlàó wá rí dì mú? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, orí ilẹ̀ ẹbí ni ọkọ Àṣàkẹ́ máa kọ́lé náà sí. Ilé lè jẹ́ tirẹ̀, kí ilẹ̀ má jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnu Àlàó máa gbọ̀rọ̀, tí òǹwòran ò ní mọ ẹni tí wọn ì bá gbè lẹ́yìn. Eré tí olè ti jẹ́ olè láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò lè jókòó parí ẹ̀.

Akọ̀wé Kékeré:

Ní ti àmì ohùn, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ lásán, Tíṣà. Tí oṣù bá parí, ẹ wá fi sí i. Àbí kẹ́ ẹ máa gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù bẹ́ ẹ bá ń ro àmàlà, èyí tó kù di àdàkọ.

Ìyá Ìbejì:

Akọ̀wé, rọra o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo bá "owo re da" nínú ìwé mi. Owó rẹ dà ni, àbí òwò rẹ dà, àbí ọwọ́ rẹ dà? Ẹni tó ń sọ ọ́ jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n gé lápá. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi tó bá lè ṣì yín lọ́nà, ẹ fàmì sí i lójú ẹsẹ̀.

Tíṣà Ọlọ́mọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, ẹ̀yin lẹ bá mi rí i. Mo gé gbogbo ìkíni àkọ́kọ́ dànù lálẹ́ àná. Ojú ewé méjì lọ síbẹ̀, ó dùn mí, àmọ́ méje mìíràn wọlé. Mo ti wà ní 24. Ilẹ̀ ẹbí yẹn náà ti wọnú rẹ̀. Àlàó ti ń sunkún báyìí, èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó lè sunkún.

Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án ló bá mi ka Àlàó, èmi ka Àṣàkẹ́. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àga ẹ̀bá fèrèsé, ọmọ náà kò ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó dìde dúró, ó wo àga náà, ó ní, "Mọ́mì, ta ló ni ín?"

Iná ti dé. Ẹ jẹ́ n lọ kọ tòní.